Èèkàn Tí Mo Fà Tu Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi tóbi ju ọgbọ́n inú rẹ̀ lọ, àgbègbè ìdìbò wa fẹ̀ gan-an. Ọ̀kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́ta ló ń rán lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìlú wa wà nínú ẹ̀, ìlú òdìkejì odò wà nínú ẹ̀, àwọn ará oko náà wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá tilẹ̀kùn mọ́ yín, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ ìkejì. Bàbá mi fẹ́ràn ètò yẹn. Wọ́n ní èèyàn mẹ́ta ò lè sùn lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Torino àti Padova nílẹ̀ Italy, tí ẹ ń fi Italian dá bàbá yín lóhùn, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Èmi tí mò ń sọ ọ́ ni mi ò lè fara balẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì báyìí.

Ìjọba wá pín àgbègbè náà sí mẹ́ta, kí aṣòfin kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Àwọn awọnlẹ̀ dé pẹ̀lú ṣéènì àti èèkàn tí wọ́n kun lọ́dà pupa. Iwájú ilé wa ni wọ́n fa ìlà náà gbà, ni ilé wa bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará òdìkejì odò tí a ti ń bá jà lórí ilẹ̀ tipẹ́. Bàbá mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. "Ẹnu ọ̀nà tèmi ni wọ́n wá sọ di bodè?"

Mo rò ó pé tó bá jẹ́ èèkàn ló gbé ilé wa lọ, èèkàn náà ló máa gbé e padà. Mo fà á tu, mo lọ rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Èmi náà ti di awọnlẹ̀! Nígbà tí akọ̀wé òdìkejì odò ń kọ orúkọ kiri, ó rí èèkàn lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ní ilé wa kì í ṣe tòun, ó yí padà. Akọ̀wé ìlú wa ní tirẹ̀, àwòrán ilẹ̀ ló ń wò, ilé wa ò sí lápá tirẹ̀. Kò tiẹ̀ yà rárá.

Lọ́jọ́ ìdìbò, bàbá mi wọ agbádá, wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń dìbò tẹ́lẹ̀. Èmi ń tẹ̀ lé wọn. "Bàbá, orúkọ yín ò sí níbí." Wọ́n gbé ìtìjú mì, wọ́n sọdá odò. Ẹ̀rín ni àwọn yẹn fi pàdé wọn. "Ẹ ò sí lọ́dọ̀ tiwa náà. Ibo lẹ̀ ń gbé gan-an, bàbá? Orí igi?" Bàbá mi ò dìbò mọ́ títí wọ́n fi kú. Mi ò sì jẹ́wọ́.

Ẹ wá wo èmi náà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkẹfà ò sì pé. Mo ká èso àjàrà ní Asti títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti búra di ọmọ ilẹ̀ Italy pẹ̀lú ewú lórí. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin mi kó mi wá sí Torino, ó yí residenza mi, ìyẹn àdírẹ́sì tí ìjọba kọ mí sí, padà sí ibẹ̀. Lẹ́tà dé pé kí n wá gba tessera, káàdì tuntun tí màá fi dìbò. Mo ki lẹ́tà náà bọ inú Bíbélì. Ẹ ṣáà mọ ìwà wa: ibi tá a bá ti kọ orúkọ sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ ni ilé. Bí wọ́n bá fẹ́ ka èèyàn, à á wọkọ̀ relé kí wọ́n lè kà wá níbẹ̀. Asti ni wọ́n ti kà mí.

Ìdìbò tí mo fẹ́ dì láyé mi fún ìgbà àkọ́kọ́ dé. Ní ọjọ́ Ajé, tí wọ́n máa parí ẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, mo wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Asti. Obìnrin tó di ìwé orúkọ mú ṣí i, ó tún un ṣí. "Signore, orúkọ yín ò sí níbí." Ó ní wọ́n ti dín àwọn aṣòfin kù, wọ́n ti tún ìlà fà, àti pé Torino lèmi wà. "Ẹ tètè máa lọ!"

Mo pe ọmọ mi.

"Bàbá mi, kí lẹ wá lọ sí Asti? Lẹ́tà dà?"

"Inú Bíbélì."

"Èwo? Mẹ́rin lẹ ní!"

Nínú ọkọ̀ ojú irin, mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Ọmọkùnrin kan fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hàn mí tàánútàánú.

Ní Torino, ọmọ mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba tessera, pẹ̀lú lẹ́tà náà. Ó ní inú ìwé Númérì lòun ti rí i, níbi tí wọ́n ti ń ka àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. A tò sórí ìlà. "Kí ló ń lé yín, Bàbá mi?" Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ èèkàn fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́.

Wọ́n fún mi ní tessera. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù tí mo fi wọlé ìdìbò. Ní ti àwọn aṣòfin tí àgbègbè kan ń rán lọ ní ọ̀pọ̀, ẹgbẹ́ ti to orúkọ wọn sábẹ́ àmì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ò lè ṣa ọ̀kan nínú wọn. Mo fi pẹ́ńsùlù tẹ àmì náà débi pé ìwé ìdìbò fẹ́ẹ̀ lu.

Ọmọ-ọmọ mi ń dúró níta. "Nonno, per chi hai votato?" Ta ni bàbá àgbà dìbò fún, ló ń bi mí.

Mo ní, "Fún bàbá mi."

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà yẹn, ẹ máa rí ìlà tó gbé yín lọ, ẹ lè tàpá sí i. Lóde òní, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń fà á sí, koríko kan ò mì. Síbẹ̀, bí mo bá rí èèkàn nínú ọgbà ẹnikẹ́ni ní Torino, ọwọ́ mi kì í dúró jẹ́ẹ́. Àpò ni mo máa ń kì í bọ̀.