Odò Inú Gíláàsì

Nígbà tí ariwo SAP, ètò ìjọba tó mú kí gbogbo nǹkan wọ́n, gba gbogbo ìlú, iṣẹ́ ṣóò-gíláàsì ni mo ń ṣe ní Ọ̀yọ́, níbi tí kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán. Àpótí onígíláàsì tí àwọn oníbúrẹ́dì àti ẹlẹ́ja díndín máa ń kó ọjà wọn sí kí eṣinṣin má baà bà lé e, èmi ni mo ń kàn án fún wọn.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé wa. Ìyá mi ń gbé nítòsí Ọjà Igbó, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn kẹ́yìn. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ síbẹ̀ nígbà òjò ló já sínú odò. A pọ̀ nínú ọkọ̀ náà. Àwa tí a jáde kò pọ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ tí omi ń dà láti orí páànù, màá fi ọwọ́ dí etí mi. Ìyá mi kọ́kọ́ máa ń wá wò mí. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò gbé wọn mọ́, wọ́n rán awakọ̀ kan sí mi pé àwọn ò fẹ́ owó, àwọn ò fẹ́ aṣọ. Ojú àwọn ti ń ṣú, ojú mi ni àwọn fẹ́ rí kó tó ṣú tán. Mo máa ń gbé báàgì mi dé gáréèjì, màá dúró títí ọkọ̀ á fi kún, màá sì tún gbé e padà sílé.

Àsìkò yẹn ni obìnrin olùkọ́ kan, tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní sáyẹ́ǹsì, wá bá mi pé òun fẹ́ àpótí onígíláàsì ńlá. Mo béèrè ohun tí ó fẹ́ tà nínú rẹ̀.

"Omi," ló wí.

Mo ní omi á gbóná nínú gíláàsì, kúlà ló yẹ kó lọ rà. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ṣàlàyé. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ wà ní apá kan, kí omi wà ní apá kejì, kí ewéko hù síbẹ̀, kí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ kéékèèké máa gbé inú rẹ̀, kí omi sì máa já bọ́ láti orí òkúta, kí àwọn ọmọ lè rí bí nǹkan ẹlẹ́mìí ṣe ń gbé nínú omi tó sì tún ń gbé lórí ilẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó wá ẹlòmíràn. Dípò bẹ́ẹ̀, mo béèrè bó ṣe fẹ́ kó gùn tó.

Ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ kan kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ orí. Nígbà tí olùkọ́ padà wá, ó yí àpótí náà po, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀. Mo ti ṣe ilẹ̀kùn kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀ lókè, bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo oníbúrẹ́dì, níbi tí ẹni tó ń tajà ti máa ń na ọwọ́ wọlé.

"Ọ̀gá onígíláàsì," ó ní, "ta ló máa gba ibí na ọwọ́ mú ọ̀pọ̀lọ́ fún oníbàárà?"

"Ẹ má bínú, mà. Ọwọ́ mi ló ṣe é."

"Ẹ bá mi bi ọwọ́ yín bóyá á fi jàrá sí i."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ohun tí mi ò ṣe fún ìgbà pípẹ́.

Ihò yẹn ló wá wúlò jù. Pọ́tì tí mo fi lẹ gíláàsì kọ́kọ́ rọ̀, omi sì jò kún ṣọ́ọ̀bù. Mo fi ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń dí òrùlé kùn ún nínú, mo sá a sóòrùn títí ó fi gan. Olùkọ́ kó òkúta wá láti ìdí odò kékeré kan lọ́nà Ìrẹsà, pẹ̀lú ewé wẹ́ẹ́wẹ́ tó máa ń bo ara ògiri tútù, àti àwọn ọ̀pọ̀lọ́ kéékèèké mélòó kan. A gbé garawa omi sórí pẹpẹ. A mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn mẹkáníìkì fi ń fa epo, a ti ẹnu rẹ̀ kan bọ garawa, a gba ilẹ̀kùn oníbúrẹ́dì náà fa ẹnu rẹ̀ kejì wọ inú àpótí. Ó wá ku kí ẹnì kan fi ẹnu fà á, bí wọ́n ṣe ń fa epo, kí omi náà lè máa ṣàn fúnra rẹ̀.

Òkúta kún ọwọ́ olùkọ́. Ó ní kí n fà á.

Mo di rọ́bà náà mú. Mo ti mọ ohun tí omi lè ṣe ní ẹnu èèyàn. Mo ní, "Bísímílà," mo fà á. Omi náà dé ahọ́n mi, ó tutù, ó ń rùn bíi rọ́bà. Mo tu ú dànù. Mo ṣì ń mí.

Omi bọ́ sórí òkúta àkọ́kọ́, ó pín sí méjì, ó tún pàdé nísàlẹ̀, ó wá ń já wálẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí aṣọ funfun. Ìró rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń ṣe àlùwàlá lọ. Oòrùn gba ẹnu ọ̀nà wọlé, gbogbo àpótí náà sì ń tàn. Ọ̀pọ̀lọ́ kan tí kò tó àtàǹpàkò mi gun òkúta, ó lọ jókòó síbi tí omi ti ń dà lé e lórí gan-an. Kò sá. Ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mo kúnlẹ̀ níwájú ohun tí èmi fúnra mi kàn. Omi kan náà ni pẹ̀lú ti odò yẹn. Kò wá ẹnikẹ́ni. Ibi tó rẹlẹ̀ jù ló ń wá.

Olùkọ́ béèrè ìdí tí mo fi kúnlẹ̀. Mo sọ ti ọkọ̀ tó já sínú odò fún un. Ó kí mi kú ewu, ó ní kí àpótí náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi títí ilé-ìwé á fi wọlé. Ní àràárọ̀, mò ń bu omi láti ìsàlẹ̀ padà sínú garawa, mo sì ń fi ẹnu fà á.

Nígbà tí wọ́n gbé àpótí náà lọ, mo gba gáréèjì lọ, mo sì wọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Lórí afárá odò yẹn, mo di ìjókòó iwájú mú, ṣùgbọ́n mi ò dijú. Odò náà fẹ̀, ó pupa, ó ń gba àárín àpáta kọjá láìwo ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ kò sì kúrò lára mi.

Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n mọ ohùn mi. Wọ́n fà mí jáde sínú oòrùn, wọ́n gbé àgbọ̀n mi sókè.

"Dúró bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀tún ló ṣì ń ríran díẹ̀."

Wọ́n yí orí mi sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọn ò kánjú.

"Ewú ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ," wọ́n ní. "Awakọ̀ yẹn ò sọ ìyẹn fún mi."