Òkúta Áyọ́ọ̀nù Nínú Odò Onígíláàsì

Bí mo ṣe da abọ́ omi kẹta sínú àpótí gíláàsì tí mo fi ń sin ẹja ni ìhó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín àwọn òkúta. Ó funfun, ó ń gun òkè, ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Omi náà sì ń ṣe búlúù díẹ̀. Mo wo bàbá tó jókòó tì mí.

"Bàbá, ṣé ẹ fi ọṣẹ fọ òkúta yìí ni?"

"Èwo tún ni fífọ̀ láìsí ọṣẹ? Mo tiẹ̀ fi búlúù aṣọ díẹ̀ sí i, kó lè mọ́ dáadáa."

Alágbàfọ̀ ni wọ́n, ọmọ Ọ̀yọ́, wọ́n ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ nínú ilé tí a háyà ní Dọ́pẹ̀mú. Mi ò mọ orúkọ wọn títí dòní. Bàbá Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Èmi, ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá, wọ́n sọ mí ní Ìyá Ẹlẹ́ja. Láràárọ̀ ni mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń fẹ́ èédú inú áyọ́ọ̀nù wọn, tí òórùn sítáàṣì gbígbóná á gba ojú fèrèsé wọlé. Wọ́n á fi ẹnu fọ́n omi sára aṣọ, fíì, áyọ́ọ̀nù á sì dáhùn, ṣàà.

Ibi iṣẹ́ bàbá mi ní Ìkẹjà ni wọ́n ti fẹ́ da gíláàsì náà nù. Bàbá mi gbé e wálé fún mi, wọ́n ra ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́rin àti pọ́ńpù kékeré sí i. Mo ra òkúta aláwọ̀ mèremère, mo tò ó ní ìlà ìlà bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, àwọn ẹja há sẹ́yìn pọ́ńpù, wọn ò jẹun. Màmá tó ń dín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù lẹ́nu géètì wa sì ti ń fojú wọn gíláàsì náà láti fi pàtẹ ọjà rẹ̀. Bàbá mi là á mọ́lẹ̀: bí àwọn ẹja ò bá jáde wá jẹun títí ọjọ́ Sọ́ńdè, àwọn á dá wọn padà fún ẹni tó tà wọ́n, Màmá á sì gbé gíláàsì lọ.

Mo sunkún lọ bá Bàbá Alágbàfọ̀. Wọ́n gun òkè wá, wọ́n tẹjú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ẹlẹ́ja, pálọ̀ lo ṣe níbí yìí, kì í ṣe odò. Ta ló ń sinmi láàárín pálọ̀ ẹni ẹlẹ́ni?"

Etí odò ìlú wọn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ ní kékeré, orí òkúta ni wọ́n ti ń lu aṣọ. Wọ́n mú mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù, a ṣa òkúta nínú òkìtì yanrìn odò. Mo mú ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n fi ń po kọnkéré. Wọ́n gbà á, wọ́n jù ú nù. "Ẹ̀rọ ló fọ́ èyí. Wo etí rẹ̀ bí abẹ. Èyí tí omi ti yí kiri fún ọdún gbọọrọ kì í ní igun." Wọ́n ní kí n fi fífọ̀ sílẹ̀ fún àwọn, pé iṣẹ́ àwọn nìyẹn.

Bí ọṣẹ ṣe wọ inú odò wa nìyẹn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé inú garawa ni àwọn ẹja wà.

"Lahaola! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa odidi odò!"

Bàbá Alágbàfọ̀ kó gbogbo rẹ̀ jáde. Omi mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣan án. Lẹ́yìn omi kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n á fi kan ahọ́n, wọ́n á tutọ́ dànù. "Ó kù díẹ̀." Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ọṣẹ ti tán lára aṣọ nìyẹn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹjọ, wọn ò tutọ́. "Omi lásán ni."

Àárọ̀ Sátidé la tò ó. Yanrìn kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀: ó nípọn tó ìka mẹ́rin lẹ́yìn, ìka méjì níwájú. Wọ́n ní kí n fi ibi tí pọ́ńpù ti ń tu omi han àwọn. "Ó dáa. Òkè odò nìyẹn." A ò jẹ́ kí òkúta pẹlẹbẹ kankan sùn gbalaja, ọ̀kan fẹ̀yìn ti ìkejì bíi páànù òrùlé, gbogbo wọn dorí kọ ibi tí omi ń lọ, nítorí omi ló ń tì wọ́n bẹ́ẹ̀ nínú odò tòótọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ lọ sí ẹsẹ̀ àwọn ńlá. Ewé igi furúùtù gbígbẹ méjì lọ sí igun tí omi ti dákẹ́.

Ó wá ku òkúta kan tó tóbi, tí yóò dá omi dúró díẹ̀. Nínú gbogbo èyí tí a ṣà, kò sí i. Wọ́n ronú títí, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì gbé òkúta dúdú tí wọ́n máa ń gbé áyọ́ọ̀nù lé wá. Odò ìlú wọn ni wọ́n ti gbé e wá sí Èkó nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Áyọ́ọ̀nù ti jó àmì onígun mẹ́ta sí i lójú.

"Bàbá, kí lẹ ó wá máa gbé áyọ́ọ̀nù lé?"

"Búlọ́ọ̀kù ò wọ́n l'Ékòó. Gbé e síbẹ̀. Má gbé e sí àárín o! Odò ò mọ àárín."

A bu omi sí i, a sì dá àwọn ẹja padà sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò síná títí di ọ̀sán Sọ́ńdè. Bàbá mi ti ń wọ bàtà láti lọ pe Màmá nígbà tí gbogbo àdúgbò pariwo pé iná ti dé. Pọ́ńpù kùn, ewé mì. Ẹja kan yọrí. Ó wẹ̀ lọ sẹ́yìn òkúta dúdú, ó kọjú sókè odò, ó dúró síbẹ̀, ìrù rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Ìkejì tẹ̀ lé e, ìkẹta, ìkẹrin. Mo fọ́n oúnjẹ. Wọ́n jẹ ẹ́! Mo pariwo débi pé Màmá fúnra rẹ̀ sáré wọlé.

"Baálé ilé, ṣé kí n máa gbé gíláàsì mi lọ?"

Bàbá mi, bàtà lẹ́sẹ̀ kan, ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ẹ má bínú, Màmá. Àwọn ayálégbé inú rẹ̀ ò kó lọ mọ́."

Bàbá Alágbàfọ̀ lóṣòó síwájú gíláàsì. "Bí ẹja odò wa ṣe ń dúró gẹ́lẹ́ nìyí," ni wọ́n sọ. Wọn ò kúrò níbẹ̀ títí èédú fi kú nínú áyọ́ọ̀nù wọn nísàlẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ kó lọ sí Agége, mo yọ òkúta náà, mo gbé e lọ fún wọn. Wọ́n fi ìka kàn án, wọ́n fi kan ahọ́n, wọ́n sì dá a padà fún mi. "Ó ti padà di ará odò. Kò lè gbé áyọ́ọ̀nù mọ́."

Mo ti to odò onígíláàsì tí mi ò lè kà mọ́ láti ìgbà náà, nílé mi àti nílé onílé. Mo ṣì ń ti ìka bọ omi tí mo bá fi ṣan òkúta, mo ṣì ń tọ́ ọ wò, àwọn ọmọ mi á sì máa fi mí rẹ́rìn-ín. Òkúta dúdú náà wà nínú èyí tó wà ní pálọ̀ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sí láàárín. Bí iná bá ti dé, àwọn ẹja á lọ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á kọjú sókè odò.