Wọ́n Ní Dídákẹ́ Inú Rẹ̀ Ti Pọ̀ Jù

Àwo orin àkọ́kọ́ tí àbúrò mi ọkùnrin ṣe, orin ijó ni. Kò ní onílù, kò ní akọrin. Kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣe é nínú yàrá rẹ̀ ní àdúgbò Agbalépédogan, á máa gé ohùn, á máa rán an pọ̀ bí aránṣọ. Gbogbo Lomé jó sí i. Àmọ́ nígbà tí àwo kejì jáde, inú mi ti bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, torí mo mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Àkọ́bí màmá wa ló kú. Alùpùpù ló gbá a ní títì etí òkun, lọ́nà Baguida. Nílé tiwa, òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀ dé ibojì, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Nígbà tí àwa yòókù gbé ẹ̀gbọ́n wa lọ sin ní Légbassito, inú yàrá ni wọ́n fi màmá sí, wọ́n ní kí àbúrò mi dúró tì í. Màmá kò sunkún. Oríkì ọmọ rẹ̀ ló ń pè, bó ṣe máa ń pè é láàárọ̀ tó bá wá kí i. Á pè é, á dákẹ́ kó lè dáhùn, á tún pè é. Àbúrò mi fi fóònù gbà á sílẹ̀. Ó ní òun ò mọ nǹkan mìíràn tí òun lè ṣe nínú yàrá yẹn.

Ohùn yẹn ló fi ṣe àwo kejì. Gbogbo ibi tí màmá ti dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlù ẹ̀rọ á kàn dúró, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó gbé e fún mi gbọ́, mo yọ ẹ̀rọ ìgbọ́rin létí, mo jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Màámi ò gbọdọ̀ gbọ́ èyí láéláé," ni mo wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òkè òkun ni mò ń tà á sí. Màámi ò ní gbọ́ ọ."

Ó pẹ́ gan-an kí màmá tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ẹ̀rù ń bà mí pé tó bá gbọ́ ara rẹ̀, a máa pàdánù òun náà.

Àwọn alámèyítọ́ wá bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ọ̀kan ní ilẹ̀ Faransé, tí kò gbọ́ gbólóhùn Yorùbá kan, kọ ọ́ pé ìyá àgbà tí inú rẹ̀ ń dùn ló ń kọrin, pé òun gbọ́ oòrùn Áfíríkà nínú ohùn rẹ̀. Oòrùn! Mo bú u ní Faransé, mo bú u ní Yorùbá, mo fi èdè Mínà ti Lomé kádìí rẹ̀, èmi nìkan nínú ilé ìdáná. Òmíràn sọ lórí rédíò níhìn-ín pé ti àkọ́kọ́ dára ju èyí lọ, pé dídákẹ́ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, oníjó á gbẹ́sẹ̀ sókè, kò ní mọ ibi tó máa gbé e lé. Àbúrò mi ń ka gbogbo rẹ̀, ó ń rù. Àwọn tó ń bá a tà á ní kó fi àtẹ́wọ́ dí àwọn àlàfo náà. Ó kọ̀. Mo kórìíra àwo náà, síbẹ̀ inú mi dùn pé ó kọ̀.

Àwọn oníjó ló bá a dí i. Tí ohùn bá ti pè, tí ìlù dúró, gbogbo wọn á ké "Hòo!" sí i. Bí orin tí wọ́n ti sin ṣe jí nìyẹn, ó gba ìgboro kan. Ọkùnrin orí rédíò náà yí ohùn padà, ó ní ọgbọ́n ńlá ni àlàfo yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, èmi àti màmá ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé. Ilé ọtí òdìkejì ọ̀nà ti gbé ẹ̀rọ síta. Mo gbọ́ ìlù náà kí ohùn tó dé, mo dìde, mo ní ká wọlé, oòrùn ń mú. Màmá ò dìde. Ohùn rẹ̀ jáde, ó pe ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà.

"Ohùn mi nìyẹn."

Mi ò lè purọ́. "Ẹ̀yin ni, Màámi. Àbúrò mi ló gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Ìlù dúró. Màmá na ọrùn, ó dẹtí. Àwọn ọ̀dọ́ gbé ìgò sókè, wọ́n ké "Hòo!", wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ó dìde, ó sọdá títì, mo ń sáré tẹ̀lé e. Ìyá ọlọ́tí ní, "Mama, bonjour!" Màmá kọjá lára rẹ̀. Ó dúró láàárín àwọn oníjó, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má dáhùn. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń pè. Tí ẹ bá ń pariwo, mi ò ní gbọ́ ọ tó bá dá mi lóhùn."

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbédè wa, àmọ́ wọ́n rí ojú rẹ̀. Ohùn pè, ìlù dúró, kò sẹ́ni tó ké. Alùpùpù kan kọjá lójú títì. Màmá dúró títí ìlù fi tún bẹ̀rẹ̀, ó ní ká máa lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ó ń gbé àga rẹ̀ lọ síwájú ilé ọtí náà, á máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún fi orin náà sí i. Èmi ni mò ń bu oúnjẹ rẹ̀, èmi náà ni mò ń dà á nù.