Ìkíni Ẹni Tí Òkun Lé Nílé

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Yorùbá dáadáa. Bí mo bá sọ fún yín pé agboolé kan wà ní Kútọnu, tó kún fún Yorùbá, tí wọ́n gba àlejò sáàárín wọn tí wọn kò sì kí i fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó ní bóyá Yorùbá orí pépà ni wọ́n. Àwa tá a ń kí ẹni tó jókòó, tá a ń kí ẹni tó dìde, tá a ń kí ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀, agboolé tèmi sì ni.

Apẹja kan àti ìyàwó rẹ̀ ni àlejò náà. Ègùn ni wọ́n, etí òkun tí kò jìnnà sí wa ni wọ́n bí wọn sí. Òkun kọ́kọ́ jẹ ilé ìdáná wọn, wọ́n sún sẹ́yìn. Ó tẹ̀ lé wọn, ó gbé yàrá lọ. Nígbà tó ku ògiri kan ṣoṣo, wọ́n wá gba yàrá ìkángun lọ́dọ̀ wa.

Gbogbo wa la fẹ́ kí wọn. Ohun tá a máa kí wọn ni a kò mọ̀. Èmi ní ká lọ sọ pé ẹ kú ewu. Télọ̀ wa, ọmọ Ṣakété, ní ewu wo ló tán, ṣebí òkun ṣì wà níbẹ̀. Bàbá tó ń báni gbẹ́rù jáde ní èbúté ní ẹ kú ìrìn ló yẹ wọ́n. Mo bi í pé ìrìn wo, láti ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé kí ẹ̀bà tó tutù? Ó ní ẹni tó rìnrìn àjò á kúkú padà sílé, ohun tóun ń rò nìyẹn. Ìyá tó ń ta òkìríkà ní ọjà Misẹ̀bó mú ẹ kú ọ̀fọ̀ wá. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó kú. Mo ní ẹ kú ilé tuntun ńkọ́? Télọ̀ ní èébú nìyẹn.

Bá a ṣe ń wá ìkíni kiri ni inú wa ń tú síta. Télọ̀ ní ta ló rán wọn kọ́lé sórí iyanrìn. Bẹ́ẹ̀, ọdọọdún lomi ń wọ ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tí yóò gbé ẹ̀rọ ìránṣọ gorí tábìlì bí ẹni gbé ọba gorí ìtẹ́. Ìyá òkìríkà ní irú wọn kì í dá wá, béèyàn bá gba ẹnì kan, mọ̀lẹ́bí á tẹ̀ lé e. Òun fúnra rẹ̀ dá wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Àbúrò tẹ̀ lé e, ìyàwó àbúrò tẹ̀ lé àbúrò, lónìí kò sáyè ẹsẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Bàbá èbúté ní rédíò ti sọ pé ojú ọjọ́ ló yí padà, àwọn ará etí omi ṣì ń bọ̀ rẹpẹtẹ, kí wọ́n yáa máa gba Kàlàví lọ, ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Àtìpó láti Abẹ́òkúta, ó wá ń pín ilẹ̀ onílẹ̀ fún onílẹ̀. Èmi ni mò ń fi gbogbo wọn ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n èmi náà kò tíì kan ilẹ̀kùn.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìyá onílé wá bá wa. Ègùn lòun náà, àmọ́ ó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa lọ. Ó ní àwọn èèyàn náà ti ń di ẹrù. Ìyàwó apẹja ní ilé tí wọn kì í ti í kí èèyàn, wọn kò fẹ́ni níbẹ̀ ni. Abẹ́ ògiri tó ṣẹ́ kù létí òkun làwọn ń padà sí. Nínú oṣù tí òkun ń bínú yìí.

"Kí ni wọ́n fi ṣe yín?" ló bi wá.

Bàbá èbúté wo ilẹ̀. "Ìyá, ìkíni la ń wá."

"Látọjọ́ wo?"

A dìde pọ̀ lọ bá wọn, kò sẹ́ni tó rántí pé a kò tíì fẹnu kò. Obìnrin náà ti ká ẹní, ó gbé e dání. Ọkọ rẹ̀ ń kó àwọ̀n sínú àpò. Mo ní ẹ kú ewu, bàbá èbúté ní ẹ kú ìrìn, ìyá òkìríkà ní ẹ kú ọ̀fọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Télọ̀, tí gbogbo rẹ̀ ti dàrú mọ́ lójú, ní ẹ kú ọdún.

Ìyàwó kò gbọ́ Yorùbá. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà, tó ti ń tajá fún àwọn èèyàn wa tipẹ́ — ẹja ni mo fẹ́ kọ, ẹ má bínú — wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ ní a kú ọ̀fọ̀, ẹ ní a kú ọdún. Èwo ni ká gbà?"

Ìyá òkìríkà ló gba ẹní lọ́wọ́ obìnrin náà, ó wọlé, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. "Gbogbo ẹ̀," ló wí. "Ẹ gba gbogbo ẹ̀."

Obìnrin náà kò tú ẹrù yòókù. A sùn láìmọ̀ bóyá wọn yóò lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé korobá mi sídìí ẹ̀rọ omi, mo sáré wọlé lọ mú ọṣẹ. Nígbà tí mo fi máa padà dé, korobá mi ti wà lẹ́yìn, abọ́ ìpọnmi ńlá obìnrin náà ló wà lábẹ́ omi, àmù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń dúró de tirẹ̀. Mo fi ìwọ̀nba Fọ̀n ẹnu mi, tó sún mọ́ Ègùn tiwọn, sọ pé èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Ó wò mí bí ẹni ń wo ẹja tó ti fẹ́ máa rùn, ó sọ̀rọ̀ gígùn; ìwọ̀nba tí mo gbọ́ ni pé korobá kì í ṣe èèyàn, bí mo bá dé, kí n dúró. Télọ̀ ṣí fèrèsé láti fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó fẹ́ kó lọ kì í pọnmi kún àmù. Mo tò sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì pẹ́ dé iléèwé tí mo ti ń kọ́ni.