Òjò Tí A Tọrọ

Mi ò tíì lè gbé garawa omi délé kí ìdajì rẹ̀ má dà sí mi lára nígbà tí ọ̀dá kan mú ní Ìwó níbí. Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi tí ẹ wà ní erékùṣù Fíjì, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ sínú fóònù yìí. Ìyá yín ní wọ́n ti ti ilé ìwé yín nítorí ìjì ńlá tó ń bọ̀ láti orí òkun, ó ní ẹ sì fẹ́ mọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí nílé wa láyé ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Màá sọ èyí tí mo rántí.

Ìyá yín ti ṣàlàyé tiyín fún mi. Ó ní láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin ni ooru, òjò àti ìjì fi máa ń bá yín gbé, lẹ́yìn náà ni ara á wá tù yín díẹ̀. Ó ní ẹ ò mọ ọyẹ́. Níbí, ọyẹ́ la fi ń mọ̀ pé ọdún ń parí. Ètè á là, ẹsẹ̀ á funfun, eruku á bo gbogbo ewé ọ̀nà Kuta. Bí ọyẹ́ bá lọ, ooru á dé, àkọ́rọ̀ òjò á sì tẹ̀lé e. Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Wọn kì í wo kàlẹ́ńdà, wọ́n kàn máa ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbin nǹkan ni.

Lọ́dún yẹn, ooru dé, òjò ò tẹ̀lé e. Kànga gbẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ààfáà kó gbogbo àdúgbò lọ sí yídì, a lọ tọrọ òjò. A ṣe àmín títí ọ̀fun wa fi gbẹ. Ìyá mi ò sí níbẹ̀. Wọ́n ti gbé èlùbọ́ lọ sí ọjà Ilé-Ogbó. Kí wọ́n tó jáde, wọ́n ní, "Fọ abọ́, má sì jẹ́ kí ewúrẹ́ wọ ilé ìdáná." Ohun tí wọ́n bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Lọ́sàn-án, ojú ọ̀run dúdú. Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ dé, ó ṣí páànù ilé méjì mẹ́ta ládùúgbò wa, òjò wá dà. Inú wa dùn. Àwa ọmọdé ń sáré nínú rẹ̀, àwọn àgbà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Òjò ti dá nígbà tí àwọn obìnrin tí àwọn àti ìyá mi jọ lọ sọ́jà yà sílé wa. Aṣọ wọn tutù, wọn ò sì gbà láti jókòó. Ọ̀kan nínú wọn kúnlẹ̀ fún bàbá mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ká lọ." Abẹ́ àtíbàbà kan lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n sá sí, afẹ́fẹ́ sì ṣẹ́ ẹ̀ka igi mángòrò lé e lórí. Apá ibi tí ìyá mi dúró sí ló bọ́ sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, wọ́n ti sin ìyá mi. Mi ò sunkún. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó ń wọlé, tó ń jáde.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi mú ọkọ́ àti àgbàdo. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin dí wọn lọ́nà.

"Ṣé o ò ní jókòó kí o gba àwọn tó ń bọ̀ wá kí ọ ni?"

"Ilẹ̀ ti rọ̀," ni bàbá mi wí. "Bí mi ò bá gbìn ín lónìí, mi ò mọ ìgbà tí òjò mìíràn á rọ̀. Àwọn ọmọ á jẹun."

Mo tẹ̀lé wọn. Wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, mò ń ju àgbàdo sí i, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ bò ó.  Àwọn kan ní ọkàn bàbá mi le. Àgbàdo ọdún náà ṣe dáadáa. A sè é, a sun ún, a jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó ní ó dùn nínú ilé wa.

Nǹkan ti yí padà báyìí. Òjò lè rọ̀ lásìkò ọyẹ́, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa kó dá lójijì kí àgbàdo gbẹ sóko. Inú fóònù làwọn àgbẹ̀ tó jẹ́ ọ̀dọ́ ti ń wo ìgbà tí òjò á rọ̀. Ọ̀kadà ló ń gbé àwọn obìnrin lọ sí Ilé-Ogbó. Láyé ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n má jáde. Ẹ̀yin, wọ́n ti sọ fún yín.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ wọlé, ẹ wọlé. Bí ìjì náà bá kọjá, kí ìyá yín pè mí. Kó má wulẹ̀ kọ nǹkan ránṣẹ́. Mo lè má rí nǹkan kan sọ, àmọ́ kó gbé fóònù fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n gbọ́ ohùn yín.