Fèrè tí Wọ́n Fun fún Alága

Mo ti wí i títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: ẹni tó bá ń darí orin fún báléètì, ẹsẹ̀ oníjó ló ń wò, kì í ṣe ìwé orin. Iṣẹ́ tí mo fi ogún ọdún ṣe nílùú òyìnbó nìyẹn. Orí ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń jó ijó yìí, ọwọ́ mi ló sì ń sọ ìgbà tí oníjó máa fò. Bí ọwọ́ mi bá ṣìṣe, oníjó lè fẹsẹ̀ rọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sílé sí Àgbádárìgì, kí ni wọ́n ń pè mí? "Bàbá tó ń ju ọwọ́." Ẹ gbọ́ ná, ṣé eṣinṣin ni mò ń lé ni?

Ọmọbìnrin kan wà tó ń wọkọ̀ ojú omi láti Gberefu wá kọ́ ijó lọ́dọ̀ mi ní gbogbo Sátidé. Apẹja ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja. Obìnrin kan láti ilé ẹ̀kọ́ ijó kan lókè òkun ní òun ń bọ̀ wá wò ó, àyè ọmọ kan ṣoṣo ló sì kù lọ́dọ̀ wọn. Bí ó bá jó o re, ó lọ nìyẹn. Bí kò bá jó o re, ẹja yíyan ló kù.

Mo kó àwọn tó ń ta fáólìn àti àwọn afunfèrè jọ láti inú ìjọ. Àwọn afunfèrè wa yìí, ibi ayẹyẹ ni wọ́n dàgbà sí. Bí ẹni ńlá bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, fèrè ti dún nìyẹn. Àgbà inú wọn tiẹ̀ bi mí nígbà ìdánrawò pé, "Sà, tí alága ọjọ́ náà bá wọlé ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ fi alága sílẹ̀, ọwọ́ mi ni kí ẹ máa wò."

Lọ́jọ́ tí ọmọ náà máa jó fún obìnrin òkè òkun yẹn, mo dé gbọ̀ngàn, mo bá tábìlì àwọn ẹni ńlá lórí ìtàgé. Orí ìtàgé tí ọmọ fẹ́ jó! Mo ní kí ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ náà gbé e kúrò. Wọ́n ní níbo ni mo fẹ́ kí alága jókòó sí. Òdòdó tí wọ́n máa tò sórí tábìlì ni wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lé lórí. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá! Ìdajì ìtàgé ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọmọ náà.

Síbẹ̀, ó ń jó o. Ó jó títí dé ibi tó ti máa dúró lórí ìka ẹsẹ̀ kan, tí á máa retí kí ọwọ́ mi wálẹ̀ kó tó fò. Mo gbé ọwọ́ sókè. Ìgbà yẹn gan-an ni alága tó ti pẹ́ dé wọlé pẹ̀lú agbádá rẹ̀, fèrè sì bú sáfẹ́fẹ́, gbogbo èèyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo yíjú sí àwọn afunfèrè, mo na ọwọ́ náà sí wọn pé, "Ṣé orí yín pé ni?" Gbì! Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, ọmọ ti wà nílẹ̀, ó di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Àlejò òkè òkun pa ìwé rẹ̀ dé. Alága dúpẹ́ fún fèrè, ó ní ó dùn.

Mo sin ọmọ náà dé èbúté, mò ń bú gbogbo wọn lójú ọ̀nà: ìgbìmọ̀, afunfèrè, alága, ẹni tó gbé tábìlì. Ó jókòó sínú ọkọ̀.

"Bàbá," ó ní, "ẹ má bú wọn mọ́. Mo gbọ́ fèrè náà, mi ò mira. Ọwọ́ yín ni mò ń wò. Ọwọ́ yín wálẹ̀, mo sì fò. Òkè ni mo wà tí mo fi rí i pé ẹ ò wò mí mọ́."