Ẹ̀gbà Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ní ilé ìwé tí èmi ti ń dáná. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kò lè rìn, ọ̀pọ̀ wọn kò lè sọ̀rọ̀, àwọn mìíràn kò sì ríran. Ẹ̀kọ́ tó fi ń bẹ̀rẹ̀ kò yí padà rí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ lójijì. Kí olúkúlùkù ní àmì tirẹ̀, kó fi í sọ́wọ́ ọmọ, kó dúró títí ọmọ á fi mọ ẹni tó dé.

"Bí ẹnì kan bá ṣàdédé gbé yín lórí ibùsùn ńkọ́?" ló máa ń bi wọ́n. "Ẹ ò ní pariwo olè?"

Àmì tirẹ̀ ni ẹ̀gbà ọwọ́ ńlá tí ìyá wa fi sílẹ̀ fún un. Èmi ló yẹ kí n jogún ẹ̀gbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà tí a ń pè ní Ẹyẹlé. Kò ríran, kò gbọ́ràn, orí àga onítáyà ló máa ń wà. Bó bá ti fọwọ́ ba ẹ̀gbà náà, á máa ké kùú-kùú bí ẹyẹlé tó rí àgbàdo. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ń ké fún, ẹ wá wo bó ṣe ń yan fanda kọjá níwájú ilé ìdáná mi! Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń wá: kí Ẹyẹlé fúnra rẹ̀ béèrè nǹkan. Gbígbà ni ọmọ náà mọ̀, kì í béèrè. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbé ṣíbí dúró níwájú rẹ̀, pé bóyá á na ọwọ́.

Ìgbà náà ni òṣìṣẹ́ tuntun kan, Onírun, dé. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí irun dídì rẹ̀ gùn dé ìbàdí. Ṣóńṣó irun náà ló fi ṣe àmì. Kò pẹ́ tí Ẹyẹlé fi ké kùú-kùú fún un, tó sì tún rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mì í látòkè délẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín fún ẹ̀gbọ́n mi rí.

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ní oúnjẹ mi níyọ̀ jù. Èmi tí mi ò tíì fi iyọ̀ sí i! Òjòwú ò lẹ́ran láyà lóòótọ́.

Nígbà tó di àárọ̀, ó pe Onírun. "Irun yẹn ò mọ́ tó fún iṣẹ́ yìí. Dì í mọ́lẹ̀, kó o dé fìlà lé e."

"Àmì mi ńkọ́, mà?"

"Wá òmíràn."

Ó mọ̀ pé a kì í pa àmì dà lójijì. Òun ló ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń ro ọbẹ̀ pàápàá mọ̀ ọ́n.

Onírun lo òrùka. Ẹyẹlé fọwọ́ bà á, ó pa ẹnu dé pinpin. Kò jẹun lọ́sàn-án, kò jẹun lálẹ́. Ọmọ tó ti rù tẹ́lẹ̀! Nígbà tó di ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì ní bí kò bá jẹ títí ọ̀sán, ó di ọsibítù. Ni ojú ẹ̀gbọ́n mi bá là.

"Ẹ gbé abọ́ wá. Ọwọ́ mi ni yóò ti jẹ ẹ́."

Ó fi ẹ̀gbà sọ́wọ́ ọmọ náà. Ẹyẹlé bà á, kò ké. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ẹ̀gbà, ó ń gun apá ẹ̀gbọ́n mi lọ sí èjìká, ó dé ọrùn, ó wá ń tá ràrà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tó yẹ kí irun wà. Kò bá nǹkan kan. Ó tún padà wá a, ó fa aṣọ ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́ kalẹ̀. "Ó ń béèrè," ló wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó kọjú sí Onírun.

"Ṣí fìlà yẹn."

Ẹyẹlé di irun náà mú, ó rẹ́rìn-ín, ó jẹun tán.

Bí a ṣe ń relé, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń jowú."

"Mò ń jowú gan-an. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" Ó ń yí ẹ̀gbà náà po lọ́wọ́. "Èmi ni mo kọ́ Ẹyẹlé pé kó máa béèrè. Mi ò mọ̀ pé ẹlòmíì ni ọmọ náà yóò béèrè."